Ṣé Lọ́kọ́ja lè fún ọdẹ wa ní àṣẹ ìbọn?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọdẹ kan ní Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, lápá ibi tí ènìyàn ti ń bọ́ sí Ọ̀mùò-Èkìtì, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ọ̀kún o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Texas sọ pé lọ́dọ̀ tàwọn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin ìbọn fúnra rẹ̀. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn Èkìtì tí a jọ pààlà náà ń gbé ìbọn. Kí ló wá dé tí Ilé Aṣòfin wa ní Lọ́kọ́ja kò fi ṣe òfin kan tí yóò jẹ́ kí àwa náà gbé ìbọn gidi ṣọ́ oko wa? Ìlú ti dáwó, a ti ra ìbọn pump action méjì. Èmi náà sì jogún ṣakabùlà bàbá mi. Àwọn kan ní kò sí nǹkan tó máa ṣe, àwọn kan ní ẹ̀wọ̀n ni. Èwo ni ká gbà?”

Ọ̀kún o, akọ̀wé. Ẹ kú ìṣọ́ òru. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta yín. Ẹni tó ní iṣu lóko tí kò lè lọ wà á kò fẹ́ gbọ́ àlàyé lórí ìwé òfin. Kò sí ọmọ Ọ̀kún, àwa Yorùbá Kogí, tó gbàgbé oṣù kẹfà ọdún 2020, nígbà tí adigunjalè ya wọ Ìsánlú, tí wọ́n kọ́kọ́ kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n pa àwọn tó wà níbẹ̀, DPO pẹ̀lú, tí wọ́n sì lọ fọ́ báńkì. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní oṣù kẹsàn-án 2021, agbébọn fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, ẹlẹ́wọ̀n 240 sì sá lọ. Bí àgọ́ ọlọ́pàá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n kò bá gba ara wọn là, ó yé mi ìdí tí ìlú fi ń dáwó ra ìbọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú lẹ́tà yín: ta ló ní àṣẹ láti ṣòfin ìbọn, irú ìbọn wo ló wà lọ́wọ́ yín, àti ta ló rán ọdẹ jáde, tí yóò sì dúró tì í bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ti àkọ́kọ́ ló le jù. Lójú tèmi, ẹ̀kẹta ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àṣẹ kúrò lọ́nà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní àkójọ kan lẹ́yìn, tó ka àwọn nǹkan tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nọ́ńbà kejì nínú rẹ̀ ni ohun ìjà, ọta ìbọn àti ohun abúgbàù. Ìpínlẹ̀ kankan, ìbáà jẹ́ Kogí, Èkìtì tàbí Kánò, kò lẹ́nu níbẹ̀. Bí àwọn aṣòfin Lọ́kọ́ja bá jókòó lọ́la, tí gbogbo wọn pátá fọwọ́ sí i pé kí ọdẹ gbé AK-47, tí gómìnà sì buwọ́ lù ú, kọ́ọ̀tù yóò fagi lé e lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá pe ẹjọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá tó bá sì dá ọdẹ dúró lójú ọ̀nà kò ní kà á sí. Ọdẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé irú òfin bẹ́ẹ̀ ni yóò sùn ní àtìmọ́lé. Aṣòfin tó dìbò fún un yóò sùn nílé rẹ̀. Bí ọdún ìbò bá dé, tí olóṣèlú kan wá ń ṣèlérí òfin ìbọn fún yín ní gbàgede, ẹ bi í léèrè abala tó fẹ́ gbé e lé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, agbára ìpínlẹ̀ lórí ìbọn ju tiwa lọ fíìfíì. Ní Texas, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò kà á léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ kiri láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò ní California, wọn yóò mú un. Síbẹ̀, kì í ṣe pé ìpínlẹ̀ ń ṣe bó ṣe wù ú. Ìjọba àpapọ̀ wọn ní òfin ìbọn tirẹ̀, tí èyí tí wọ́n ṣe ní 1968 wà lára rẹ̀, tó sọ irú ẹni tí kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn níbikíbi nínú orílẹ̀-èdè náà. Lórí gbogbo rẹ̀, àtúnṣe kejì sí ìwé òfin wọn, láti ọdún 1791, fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn, kọ́ọ̀tù wọn tó ga jù lọ sì ń fi í ká ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ kò: ní 2010 ó ní ẹ̀tọ́ náà de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, ní 2022 ó fagi lé òfin New York kan tó ní kí ènìyàn kọ́kọ́ fi ìdí pàtàkì hàn kó tó lè gbé ìbọn jáde nílé. Tiwa yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú ìwé òfin Nàìjíríà tó sọ pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn. Ààyè ni ìjọba ń fúnni, ẹni tó fúnni sì lè gbà á padà. Nítorí náà, ohun tí ọmọ yẹn ń rí ní Texas, kó máa rí i níbẹ̀. Kó má fi gba ẹ̀yin níyànjú ní Ìjùmú.

Ní ti Àmọ̀tẹ́kùn, ibẹ̀ ni àṣìlóye pọ̀ sí jù. Wọ́n ṣí i ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mínísítà ètò ìdájọ́ ìgbà náà, Abubakar Malami, fi ní kò bófin mu. Àwọn gómìnà àti ìjọba àpapọ̀ forí korí, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù sì ṣòfin tiwọn lọ́dún náà. Àwọn òfin wọ̀nyẹn dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n yan ọ̀gá, wọ́n ṣètò owó oṣù àti aṣọ. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ ìbọn, torí wọn kò ní in láti fúnni. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ṣì wà lábẹ́ òfin àpapọ̀ kan náà tó de ẹ̀yin. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Rótìmí Akérédolú tó jẹ́ gómìnà Oǹdó, agbẹjọ́rò àgbà sì ni, bínú sọ̀rọ̀ ní gbangba pé kí ló dé tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ ìlú Katsina ní AK-47 tí wọn kò sì gbà fún tàwọn. Bó bá jẹ́ pé òfin ìpínlẹ̀ tó, kí ni ì bá máa bínú sí? Àwa sì rèé, àárín gbùngbùn àríwá ni wọ́n kà wá mọ́. Bí a tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ará Ọ̀mùò, òfin Èkìtì parí ní ààlà Èkìtì. Mo ti rí ẹni tó lọ rán aṣọ Àmọ̀tẹ́kùn wọ̀ níbí. Kí ẹnikẹ́ni má tún dán an wò.

Ìdí tí Àbújá fi di ọ̀rọ̀ yìí mú kò farasin. Àwọn àgbà tó dàgbà nígbà tí Kàbà wà lábẹ́ ìjọba Àríwá mọ ọlọ́pàá NA, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà náà. Ẹni tó bá ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú tí kì í ṣe ti ìjọba mọ ohun tí ojú òun rí lọ́wọ́ wọn, ní Àríwá àti ní Ìwọ̀-oòrùn bákan náà. Lẹ́yìn tí sójà gbàjọba ní 1966, wọ́n tú wọn ká. Ogun abẹ́lé tó tẹ̀ lé e tún fi kún ìbẹ̀rù pé kí apá ibì kan má baà máa kó ìbọn jọ. Ìwé òfin 1999 jogún ìbẹ̀rù náà, ni abala 214 rẹ̀ fi ní ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà. Òfin ìbọn tí à ń lò gan-an dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1959 ni wọ́n ṣe é, kí òmìnira tó dé, láyé tí ẹni tó ń gbé ìbọn wọgbó ń wá ìgalà àti ọ̀yà, tí kì í ṣe ọmọ ènìyàn.

Òfin 1959 yìí pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ yín ti yẹ̀. Ìpín kìíní ni ti èèwọ̀: ìbọn arọ̀jò-ọta, bọ́m̀bù, ìbọn ogun tí ọta rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.62 àti irú rẹ̀, àti gbogbo ìbọn ìléwọ́. Ààrẹ nìkan ló lè yọ̀ǹda rẹ̀ fún ènìyàn. AK-47 wà níbẹ̀. Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ òyìnbó, ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, tí à ń ki kátíríìjì sí, pẹ̀lú ìbọn atẹ́gùn àti àwọn bíi tiẹ̀. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè ni òfin fi ìwé àṣẹ rẹ̀ sí lọ́wọ́. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà, tí à ń ki ẹ̀tù àti ọta láti ẹnu, òun náà sì ní ìwé tirẹ̀. Nígbà tí òfin ń ka ìbọn oníkátíríìjì mọ́ ìpín kejì, ó yọ irú méjì sílẹ̀: èyí tó ń ki ara rẹ̀, àti èyí tó ní ohunkóhun lára tí a fi ń fa ọta tuntun wọlé. Ẹ̀rọ tí ẹ máa ń fà sẹ́yìn tí ẹ tún ń tì síwájú lára pump action, òun gan-an ni òfin ń sọ. Àwọn tó ń ta á kì í sọ èyí fún ènìyàn. Wọ́n á ní ìbọn ọdẹ ni, kò sí wàhálà. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, àwọn aṣọ́bodè gba 661 irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹténà kan ṣoṣo ní Èkó. Bó bá jẹ́ ọjà tí kò ní wàhálà ni, wọn kì bá tí gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn onírin.

Nítorí náà, ìbọn méjèèjì tí ìlú rà kì í ṣe irú èyí tí ìwé àṣẹ ọdẹ lè bò mọ́lẹ̀, ká má tíì sọ pé ẹ kò ní ìwé kankan. Òfin kejì wà, èyí tí ìjọba ológun ṣe nítorí ìdigunjalè, tó ní ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé yóò san ìtanràn 20,000 náírà, tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí kó gba méjèèjì. Ní ti ìbọn ìpín kìíní, òfin 1959 fúnra rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n náà kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá. Ìjìyà kan náà ló fún ẹni tó bá ń rọ ìbọn tàbí tó ń tún un ṣe láìgba àṣẹ. Ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ yín.

Mo ti dúró ní kọ́ọ̀tù fún ọdẹ tí wọ́n mú lórí ọ̀kadà, ìbọn ìlú lẹ́yìn rẹ̀. Òru ni wọ́n pè é pé agbébọn wà lóko, ó sì jáde. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ìlú tó dáwó kò sí níbẹ̀. Àwọn tó wà ní ìpàdé ọjọ́ tí wọ́n ra ìbọn ní àwọn kò mọ̀. Kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ìwé ẹ̀sùn, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń wá onídùúró kiri. Òun ni mo ń rántí nígbà tí mo ní ẹ̀kẹta ló le jù. Ọdẹ wa kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá pa ajínigbé, akọni ni. Bó bá ṣèèṣì yìnbọn lu darandaran tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, apànìyàn ni, kò sì sí ìjọba tàbí ọba tó máa ní àwọn ló rán an.

Ní ti ṣakabùlà bàbá yín, òun rọrùn díẹ̀. Bí bàbá bá tilẹ̀ ní ìwé, ìwé ẹni tó kú kò bo ọmọ. Orúkọ ẹni kan ni wọ́n kọ sí i, òun nìkan ló sì wà fún. Bí wọ́n bá ń bi yín, “ìbọn ilé wa ni” kì í ṣe èsì. Ẹ wá ìwé bàbá jáde, ẹ mú un lọ bá ọlọ́pàá, ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe gba tiyín. Ẹ fi ìbọn sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà o. Má gbé e dání lọ béèrè ìwé rẹ̀, mo ti rí ibi tí ìyẹn parí sí. Òfin ka irú àwọn tí kò gbọ́dọ̀ rí ìwé gbà: ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Èmi fẹ́ràn abala yẹn gan-an. Bí ẹgbẹ́ ọdẹ bá fi yẹ ara wọn wò láìdúró de ọlọ́pàá, ẹ ó rí i pé àwọn méjì mẹ́ta wà láàárín yín tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kan ìbọn lóru, ẹ sì mọ̀ wọ́n. Ojú ọ̀hún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àgbà ọdẹ ló ń fi ìgboyà ṣe ohun tí ojú kò ṣe mọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní bí ìwé bá ti wà, kò ku nǹkan. Ó kù. Ìwé àṣẹ fún yín láyè láti ní ìbọn. Kò sọ ìgbà tí ẹ lè yìn ín lu ènìyàn. Ìyẹn wà nínú òfin ìjìyà ọ̀daràn tí Kogí jogún láti Àríwá. Ó gbà kí ènìyàn dáàbò bo ara rẹ̀, ẹlòmíràn àti dúkìá rẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju ohun tí ewu náà béèrè lọ, kò sì gba ẹ̀san. Ẹni tó ń sá lọ, tó ti ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹ bá yìnbọn lù ú lẹ́yìn, ẹ ti kúrò lábẹ́ ààbò òfin. Màlúù tó jẹ oko tún wà níbẹ̀. Ẹjọ́ ìbàjẹ́ oko ni, kì í ṣe ẹjọ́ ìbọn.

Kí wá ni Lọ́kọ́ja lè ṣe? Ó pọ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo ohùn yín. Ìpínlẹ̀ lè fi òfin dá ẹ̀ṣọ́ ìlú sílẹ̀, kó forúkọ ọdẹ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó fún wọn ní káàdì, owó oṣù, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, rédíò àti ọ̀gá tó máa jíhìn fún ohun tí wọ́n bá ṣe. Ó lè ṣètò owó fún ìdílé ẹni tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, kó béèrè ìwé àṣẹ ìbọn ìpín kejì fún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, kí ìbọn náà máa sùn níbi tí a ti ń buwọ́ lùwé kí a tó gbé e jáde. Ọlọ́pàá lè kọ̀, wọ́n sì lè fi falẹ̀ títí ọdún yóò fi yí. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó gbé orúkọ, àwòrán àti orúkọ ọ̀gá wá sórí tábìlì ní ohun tó lè fi jà, tí ìlú kan tó dáwó kò ní. Ìjọba àpapọ̀ náà ní tirẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè: àwọn sífú dìfẹ́ǹsì ní ẹ̀ka tó ń ṣọ́ oko, tí wọ́n ń pè ní Agro Rangers, ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 sì ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí gbígba ẹ̀ṣọ́ igbó káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Kí ọmọ ọdẹ Ìjùmú, Yàgbà àti Búnú tó mọ igbó wọlé síbẹ̀ kí àjèjì tó gba ààyè wọn, ìyẹn ni kí àwọn aṣojú yín ní Àbújá máa bá kiri.

Ẹ ó ní ṣé kò ní sàn ká yí ìwé òfin padà, kí ìpínlẹ̀ ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí tábìlì fún ìgbà pípẹ́. Ó nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà àti kékeré ní Àbújá, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì tún gbà á. Èmi fara mọ́ ọn, pẹ̀lú ìdajì ọkàn. Ẹni tó bá wà ní Kogí nígbà ìdìbò gómìnà ọdún 2019 rí ohun tí ìbọn ń ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún olóṣèlú. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí gómìnà bá ń san owó oṣù rẹ̀ lè ṣọ́ oko yín láàárọ̀, kó sì wá gbé àpótí ìbò yín lọ lálẹ́. Àwa Ọ̀kún, tí a kò pọ̀ tó láti fi ìbò wa nìkan yan gómìnà, gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ ní ìlà-oòrùn Kogí, ní àárín gbùngbùn rẹ̀ àti lọ́dọ̀ tiwa. Bí wọn kò bá kọ ìdáhùn yẹn sínú àtúnṣe náà, èmi ò ní pàtẹ́wọ́ fún un.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ padà sí ìbọn méjì tó wà nílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e jáde mọ́, bó ti wù kí ìpè ti le tó. Ẹ má tà á láti fi gba owó ìlú padà, torí ẹni tó máa rà á lè jẹ́ ẹni tí ẹ ń sá fún. Ẹ má sì rì í mọ́ igbó. Ẹ pe ọba àti àwọn àgbà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ló rà á, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú, kó má di ẹrù ọdẹ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, kí agbẹjọ́rò kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ọlọ́pàá ṣáájú, kó sì bá yín lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fà á lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí tó ní nọ́ńbà ìbọn kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní tàn yín pé kò sí ewu níbẹ̀. Ọlọ́pàá lè bi yín ní ìbéèrè tó le, owó ìlú sì ti lọ nìyẹn. Mo kàn ti rí iye tí ọ̀nà kejì ń ná ìdílé ọdẹ. Títí agbẹjọ́rò yóò fi dé, ẹ yọ ọta kúrò nínú wọn, ẹ tì wọ́n mọ́ inú yàrá kan, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àgbà méjì.